Oníbàárà Tuntun Láìsí Owó Òwò: Ọlọ́jà Orí Ayélujára ní Ìfira-Àkókó

Ọ̀rọ̀ tí ó gbòde láàrin àwọn tí ń kọ́ni ní òwò orí ayélujára ni pé kí ẹni tí kò ní owó ìpolówó máa fi ọjà rẹ̀ hàn níbi gbogbo, kí ó máa gbé e síta láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, títí ojú àwọn ènìyàn yóò fi mọ́ ọn. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìmọ̀ràn yìí, nítorí pé àwọn àgbà ti gbà tipẹ́ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n ó fojú fo ìdí tí àjèjì kì í fi í ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Àìrí ọjà kọ́ ni ó sábà ń dí oníbàárà tuntun lọ́wọ́, bí kò ṣe ewu tí ó wà nínú kí ó san owó fún ẹni tí kò rí rí. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ wò ni bí ọlọ́jà kékeré tí ń gbé ní Ìfira-Àkókó ṣe lè gbé ewu náà kúrò léjìká oníbàárà láìná owó tí kò ní, àti ìdí tí ọ̀nà tí ó yá jù lọ sí oníbàárà tuntun kì í fi í gba ọ̀dọ̀ àjèjì, tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọ ìlú tí kò sí nílé ni ó ń gbà.

Ìfira wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Àkókó, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìṣùà, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin tí a pín ilẹ̀ Àkókó sí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Òkèàgbè ni ibùjókòó àwọn mẹ́ta yòókù. Ìkàrẹ́ ni ó ní ọjà ńlá àti gáréèjì tí mọ́tò ti ń gbéra lọ sí àwọn ìlú ńláńlá, Àkùngbá sì ni yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, tí a fi orúkọ Adékúnlé Ajásin pè ní 2004, ti ń ṣiṣẹ́ láti 1999, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ra oúnjẹ, dátà, aṣọ àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ń gbé ní Ìfira kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Àkókó, àwọn àgbà ni wọ́n dúró ti ilé àti oko, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, iṣu, kòkó àti kajú, nígbà tí àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó, ní Àbújá, ní London tàbí ní Houston. Ẹni tí ó bá fi ojú ọjà Ìkàrẹ́ wò ó yóò sọ pé kò sí oníbàárà níbẹ̀. Oníbàárà wà, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń gbé àti ibi tí ọkàn rẹ̀ wà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni oníbàárà ń ru ewu òwò. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí òṣómàáló máa ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọn a gbé e fún ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, wọn a dá ọjọ́, bí ọjọ́ bá sì pé, wọn a wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi san án. Bí wọ́n ṣe ń sin owó ni ó sọ wọ́n di olóòkìkí, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí oníbàárà wọn pọ̀ ni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkàn tán ènìyàn: aṣọ ti wà lọ́rùn oníbàárà kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òwò orí ayélujára ti dorí ètò yìí kodò. Ọlọ́jà tí kò ní owó òwò kò lè ta àwìn, nítorí náà ó máa ń ní kí oníbàárà fi owó ránṣẹ́ ná kí òun tó gbé ọjà, gbogbo ìfọkàntán tí òṣómàáló ń ṣe sì di ẹrù ẹni tí kò mọ ilé ọlọ́jà, tí kò sì lè lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Bí a bá wo ọ̀ràn náà báyìí, kò ní yani lẹ́nu mọ́ pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè rí àwòrán ọjà kan, kí wọ́n yìn ín, kí ẹyọ ẹnì kan má sì rà á.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ èyí. Nígbà tí Jumia àti Konga, ilé ìtajà orí ayélujára, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi fa ojú àwọn ará Nàìjíríà mọ́ra ni pé oníbàárà lè dúró kí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó san owó. Wọ́n gba ewu padà sọ́dọ̀ ara wọn. Owó àwọn olùdókòwò ni wọ́n fi ṣe é, kò sì rọrùn fún wọn: ilé-iṣẹ́ Zinox ra Konga ní 2018, Jumia tí ó kó ìpín rẹ̀ lọ sí ọjà ìdókòwò New York ní oṣù kẹrin 2019 sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Cameroon àti Tanzania kí ọdún náà tó parí. Bí ẹni tí ń ta epo pupa láti Ìfira bá dán irú rẹ̀ wò, kẹ́ẹ̀gì méjì tí oníbàárà kọ̀ ní Ìkẹjà ti tó láti gbé èrè oṣù kan lọ, nítorí pé owó mọ́tò àlọ ti lọ, ti àbọ̀ sì wà nílẹ̀ tí yóò san.

Irú oníbàárà tí ó yẹ ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó ti ní ẹni tí yóò bá a yẹ ọjà wò lójúkorojú. Ọmọ ìlú tí ó wà lókèèrè, tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ wà nílé, ni oníbàárà náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa fi owó ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n owó nìkan kò yanjú ọ̀ràn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tí kò lè wọ mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́ lọ ra ìrẹsì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bátìrì rédíò àti páànù tí wọn yóò fi dí ibi tí òjò ń gbà wọlé. Ẹbí tí a bá fi owó rán lè jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì lè má jẹ́ ẹ. Ẹbí kì í sì í ṣe ẹni tí a ń bi ní ìṣirò. Ẹni tí ó bá sọ iṣẹ́ yìí di òwò, tí ó ń gba iṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ó ń ra ohun tí a kọ, tí ó ń gbé e délé, tí ó sì ń jábọ̀, ti bọ́ nínú ìṣòro méjì. Ó bọ́ nínú ti owó, nítorí pé owó oníbàárà gan-an ni a fi ń ra ọjà, ọlọ́jà kò sì nílò ṣọ́ọ̀bù tàbí ọjà tí yóò kó jọ sílé. Ó sì bọ́ nínú ti ẹ̀rí, nítorí pé ìyá tí a gbé nǹkan fún yóò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí jìbìtì tí ó lè kọjá lójú rẹ̀.

Bí iṣẹ́ kan ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni yóò fi hàn pé nínú òwò yìí, ìjábọ̀ ṣe pàtàkì ju ìpolówó lọ. Kí a sọ pé ẹnì kan kọ̀wé láti Birmingham pé ìyá òun nílò ìdajì àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró kékeré, ọṣẹ àti oògùn tí dókítà kọ fún wọn. Ọlọ́jà tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lọ́jọ́ náà, yóò kọ owó mọ́tò sọ́tọ̀, yóò sì kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò ní fi èrè pamọ́ sínú owó ìrẹsì, nítorí pé ìyá náà mọ iye tí ìrẹsì jẹ́ ju ọmọ rẹ̀ lọ. Oògùn yóò jẹ́ ti ilé ìtajà oògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, yóò sì ya àwòrán ọjọ́ tí agbára oògùn náà yóò tán. Nígbà tí ó bá délé, yóò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, yóò ka ọjà náà níkọ̀ọ̀kan síwájú màmá, yóò pe ọmọ lórí fídíò, yóò sì bọ́ síta kí àwọn méjèèjì lè sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Màmá ti gba gbogbo rẹ̀. Ṣéńjì ₦1,350 ló kù, mo ti kó o fún wọn. Wọ́n ní kí n bá wọn wo òrùlé ẹ̀yìn, fọ́tò rẹ̀ nìyí." Fọ́tò òrùlé yẹn ni iṣẹ́ tí ó kàn, ó sì wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni polówó ohunkóhun. Bí ẹ̀gbọ́n náà bá ní àbúrò ní Àbújá tàbí ọ̀rẹ́ ọmọ ìlú ní Dublin, ìròyìn ṣéńjì tí ó pé ni yóò gbé orúkọ ọlọ́jà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń wá ọmọ lórí ayélujára nígbà tí ìyá wà ní àdúgbò. Ẹni tí ó bá ń bá àwọn ìyá àdúgbò tún fóònù ṣe, tí ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, tí ó ń bá wọn pe ọmọ lórí fídíò nígbà tí dátà wọn bá tán, ti dúró síwájú oníbàárà lókèèrè láìsan kọ́bọ̀, ó sì jẹ́ pé ìyá oníbàárà ni ó ń fi í hàn. Kí ọlọ́jà náà tó béèrè iṣẹ́ kankan, ọmọ yóò ti bi ìyá rẹ̀ pé, "Ta ló mú fóònù dání fún yín?" Ìbéèrè yẹn níye lórí ju ọgọ́rùn-ún àwòrán tí a gbé síta lọ. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìka, ó sì ṣeé ṣe kí ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn olùkọ́ òwò ayélujára kì í fi í mẹ́nu bà á.

Àfi kí ọlọ́jà náà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìdánwò ńlá ni láti ya àwòrán màmá pẹ̀lú àpò ìrẹsì kí a sì gbé e síta fún gbogbo ayé láti fi polówó iṣẹ́. Ẹni tí a gbé oúnjẹ fún kì í fẹ́ kí ìlú máa kà á pé ọmọ rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ, ọmọ tí ó wà lókèèrè pẹ̀lú kò sì fẹ́ kí a fi ilé bàbá rẹ̀ hàn ní àkókò tí ìjínigbé ti di ewu lójú ọ̀nà Àkókó. Àwòrán ìjábọ̀ jẹ́ ti oníbàárà nìkan. Bí a bá fẹ́ fi iṣẹ́ hàn, ó tó láti fi ọjà tí a tò sílẹ̀ hàn láìsí ojú ènìyàn, láìsí ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú àlàyé kúkúrú. Ọlọ́jà tí ó bá pa àṣírí mọ́ yóò rí i pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, nítorí pé ó dá a lójú pé wọn kò ní sọ ti òun.

Nígbà tí orúkọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó tó àkókò láti mọ bí irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. WhatsApp ni gbajúgbajà jù lọ, ó sì ní ẹ̀yà tí a ṣe fún òwò kékeré láti 2018, tí ènìyàn fi lè tẹ àkójọ ọjà, iye owó àti àkókò iṣẹ́ síbẹ̀ láìsanwó. Status, ìyẹn àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ tí ó máa ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn: bí a bá fi í sí ètò tí ó wọ́pọ̀, ẹni tí ó ní nọ́ńbà ọlọ́jà nínú fóònù rẹ̀, tí ọlọ́jà náà sì ní tirẹ̀, ni ó ń rí i. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí a lè fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà 256 nínú àkójọ kan, kì í dé ọwọ́ ẹni tí kò bá ti tọ́jú nọ́ńbà ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Àwọn kan ń gbé àwòrán mẹ́wàá síta lójúmọ́ láìmọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ ilé-ìwé wọn kan náà ni wọ́n ń fi í hàn. Iṣẹ́ tí ó ṣe kókó ni kí a mú kí ènìyàn tọ́jú nọ́ńbà náà, àti pé kí ó tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí yóò rántí. "Akin Ìfira, iṣẹ́ ilé" dára ju orúkọ òyìnbó gígùn lọ, nítorí pé ní ọjọ́ tí ìyá bá ṣàìsàn ní aago mẹ́wàá alẹ́, ọ̀rọ̀ náà "Ìfira" ni ọmọ yóò tẹ̀ sínú fóònù rẹ̀ láti fi wá ẹni tí yóò pè.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nílé lóko náà ní àwọn yàrá ìpàdé lórí WhatsApp, níbi tí a ti ń kéde òkú, ìgbéyàwó, owó ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ìlú. Ibẹ̀ ni ọlọ́jà tí ó ń kánjú ti sábà ń ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ju àwòrán epo pupa sábẹ́ ìkéde òkú, kí àwọn ènìyàn tó kí ọmọ olóògbé tán, kò ní rí oníbàárà níbẹ̀ mọ́, àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò sì yọ ọ́ kúrò láìbá a wí. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ alága tàbí akọ̀wé, kí ó máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó sì jẹ́ pé ohun tí ó ṣàǹfààní fún ẹgbẹ́ ni a mọ̀ ọ́n mọ́: iye tí sìmẹ́ǹtì jẹ́ ní Ìkàrẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ láàrin Ọ̀kà àti Ìfira, ọjọ́ tí ọjà bọ́ sí.

Ọjà tí ó ń jáde láti Ìfira lọ sí ìta gba ọgbọ́n mìíràn, nítorí pé kò sí ìyá tí yóò bá oníbàárà yẹ̀ ẹ́ wò. Gààrí ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Ohun tí ẹni tí ń ra gààrí ń fi ọwọ́ àti ẹnu yẹ̀ wò lọ́jà ni bí ó ti gbẹ tó, bí ó ti kan tó, bí ó ti kúnná tó, àti bí yóò ti wú tó nígbà tí omi bá dé ibẹ̀. Àwòrán lásán kò lè sọ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n fídíò ìṣẹ́jú kan lè sọ mẹ́ta. Kí ọlọ́jà bu ẹ̀kúnwọ́ kan ní ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kí ó jẹ́ kí ó máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú àwo páànù, nítorí pé gààrí tí ó gbẹ máa ń dún ṣaka bí ó ti ń bọ́ sílẹ̀, èyí tí kò gbẹ kì í dún. Kí ó bu ìwọ̀n ife kan sínú abọ́ funfun, kí ó da omi tútù sí i, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ya á lọ láìdánudúró títí yóò fi wú, kí oníbàárà lè rí i pé a kò pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó fi kóńgò tí yóò fi wọ̀n ọ́n hàn, nítorí pé kóńgò kì í ṣe ọ̀kan náà láti ọjà kan sí òmíràn, kí ó sì sọ iye ọjọ́ tí ó fi wà nínú àpò kí a tó yan án, nítorí pé iye ọjọ́ náà ni ó ń ya gààrí kíkan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kan. Ti ìkan nìkan ni fídíò kò lè fi hàn. Ibẹ̀ ni a ti nílò ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó ti rà á rí.

Nígbà tí ó bá kan gbígbé e lọ, awakọ̀ láti gáréèjì Ìkàrẹ́ ni ó wọ́pọ̀, lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní waybill: a ó gbé ẹrù fún awakọ̀, a ó gba nọ́ńbà rẹ̀ àti ti mọ́tò, oníbàárà yóò sì lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì. Fún oníbàárà tuntun, àwòrán ẹrù nínú mọ́tò, pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò àti àkókò tí ó gbéra, ni ìsinmi ọkàn àkọ́kọ́. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń dúró kí oníbàárà bi wọ́n kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti ní láti bèèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Èdè jẹ́ ohun tí kì í náni lówó, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Àkókó ju ibi púpọ̀ lọ. Ilẹ̀ yìí kún fún èdè tí ó yàtọ̀ síra láàrin ìlú tí kò jìnnà síra: èdè Ìṣùà àti ti Èpìnmì bá àwọn èdè ẹ̀yà Ẹ̀dó tan, Àrìgìdì ní tirẹ̀, Yorùbá ni gbogbo wọn sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ohùn tí a gbà sílẹ̀ fi lágbára ju ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni lè tẹ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán, oníjìbìtì ni ó sì mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé, tí ó pe orúkọ àdúgbò bí ó ti yẹ, tí ó sì mọ ẹni tí a ń pè ní Ìyá Délé láìjẹ́ pé a ṣàlàyé, ti fi ìdí ara rẹ̀ múlẹ̀ kí ó tó dárúkọ ọjà.

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ojúkò, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ní Ìkàrẹ́ tàbí ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àkùngbá, àkọsílẹ̀ òwò lórí máàpù Google jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń mú ẹni tí ń wá iṣẹ́ náà lọ́wọ́ lọ́wọ́ wá. Kò wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọmọ ìlú, nítorí náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ níhìn-ín.

Ọ̀ràn orúkọ àkáǹtì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti rò lọ. Láti ìgbà tí náírà wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí àwọn tí kò fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù rí fi tipátipá kọ́ ọ, ayédèrú ìkéde ìsanwó ti pọ̀, kálukú sì ń ṣọ́ra. Bí orúkọ tí ó jáde nígbà tí oníbàárà fẹ́ sanwó bá yàtọ̀ pátápátá sí orúkọ tí ó ti ń rí láti oṣù kan, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ẹni tí kò tíì ní agbára láti fi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí CAC, kí ó kúkú fi orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò títí yóò fi ní i. Ìyàtọ̀ láàrin orúkọ méjèèjì ni ó ń ba ọ̀ràn jẹ́, kì í ṣe pé òwò náà kéré.

Ìbéèrè kan tí ó máa ń dìde ni bóyá ó yẹ kí a san owó fún ẹni tí ó mú oníbàárà wá. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé kò yẹ, ó kéré tán ní ìlú kékeré. Ẹ̀rí ìyá tàbí ti ẹ̀gbọ́n ní agbára nítorí pé kò rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn bá mọ̀ pé ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò di ti agbódegbà, wọn yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ti ń yẹ ti agbódegbà wò. Èènì ni ó bá ìṣe wa mu: kí a bá màmá gbé omi wọlé lẹ́yìn tí a gbé ọjà sílẹ̀, kí a fi ìwọ̀n díẹ̀ lé gààrí ẹni tí ó ti rà á lẹ́ẹ̀mẹta, láìsọ ọ́ tẹ́lẹ̀ àti láìkọ ọ́ síta gẹ́gẹ́ bí ìlérí.

Ohun ìní tí ó kẹ́yìn nínú òwò yìí ni ìwé àkọsílẹ̀, ìyẹn ìwé gidi tí a fi bírò kọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún bí wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé, ọlọ́jà tí gbogbo nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ wà nínú àwọn ìjíròrò yẹn nìkan kò sì rí ẹnikẹ́ni pè. Ní Nàìjíríà, ìjọba ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún kan náà títí di oṣù kìíní 2022. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹni tí ń lò ó. Kí ìwé náà ní orúkọ, nọ́ńbà, ohun tí a rà, oògùn tí màmá ń lò àti ìgbà tí yóò tán, nítorí pé ẹni tí a pè ní ọjọ́ mẹ́ta kí oògùn ìyá rẹ̀ tó tán kì í tún wá ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti inú yàrá ìpàdé kan láìgba àṣẹ wọn, yàtọ̀ sí pé ó ń bí ènìyàn nínú, ó tún lè rú òfin ààbò àlàyé nípa ara ẹni tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023.

A kò gbọdọ̀ pa á mọ́ pé ohun tí a ń pè ní àìnáwó ń gba dátà, ó ń gba ẹsẹ̀, ó sì ń gba àkókò. Ẹnì kan kò lè lọ sí Ìkàrẹ́ fún ìyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjọ́ ọjà kan kí ó sì tún jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ó ti yẹ. Nígbà tí iṣẹ́ bá tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọlọ́jà ni pé kí òun gba ọmọ iṣẹ́ kan ní Ìfira, kí òun sì tẹ̀ síwájú láti máa gba iṣẹ́ Èpìnmì àti Ìpẹ̀sì pẹ̀lú. Ti ọmọ iṣẹ́ ṣeé ṣe, bí àwọn ìyá bá kọ́kọ́ rí i lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ nígbà bíi mélòó kan. Ti ìlú kejì ni ó ṣòro, nítorí pé ní Èpìnmì, ọmọ Ìfira náà jẹ́ àjèjì. Àwọn ìyá ibẹ̀ kò mọ ilé rẹ̀, wọn kò sì ní lè sọ fún ọmọ wọn pé ọmọ ẹni báyìí ni. Ohun tí ó bá ọgbọ́n mu ni kí ó wá ẹnì kan tí wọ́n bí sí Èpìnmì, tí ó ti ń bá àwọn ìyá ibẹ̀ pe ọmọ lórí fídíò, kí ó fi bí a ṣe ń kọ ìṣirò àti bí a ṣe ń jábọ̀ hàn án, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa jẹ́ orúkọ ẹni yẹn níbẹ̀.